Bí Ẹsẹ̀ Bá Kán ní Òṣòdì: Igbóbì Ni Àbí Ilé Atòeegun?

Kò sí ọmọ Èkó tí kò mọ ariwo Òṣòdì. Kí àkùkọ tó kọ ni àwọn agbérò ti ń ké orúkọ ibi tí ọkọ̀ wọn ń lọ, tí èrò ń sáré tẹ̀ lé dánfó tí kò tíì dúró, tí àwọn mìíràn sì ń bẹ́ sílẹ̀ láti inú èyí tí kò fẹ́ dúró. Ibẹ̀ ni títì Agége àti títì márosẹ̀ tó ti Àpápá wá ti pàdé, ojú irin sì tún gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Láti ibẹ̀ dé Ìsọlọ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kúrò nílé láàárọ̀ lórí ẹsẹ̀ méjì lè jẹ́ pé ẹ̀yìn èèyàn ni wọn yóò fi gbé e wọlé lálẹ́.

Nígbà tí ọ̀kadà ń ná gbogbo àdúgbò náà bí eṣinṣin, kò sí ọjọ́ tí ènìyàn kò ní gbọ́ pé ẹsẹ̀ ẹnì kan ti kán. Òfin àṣíborí dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009. Àwọn ọlọ́kadà kan ní ilẹ̀ wa sì lọ dé igbá lórí kí ọlọ́pàá má baà mú wọn, bí ẹni pé ọlọ́pàá ni wọ́n ṣe òfin fún, tí kì í ṣe agbárí. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀kadà kò gbọ́dọ̀ ná mọ́. Síbẹ̀, dánfó wà, kẹ̀kẹ́ Márúwá wà, àwọn tó ń sọdá títì láìgba orí afárá náà sì wà.

Ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ máa ń gbà lẹ́yìn ìjàǹbá. Ọkọ̀ gbá baálé ilé kan lẹ́bàá Ìyànà-Ìsọlọ̀. Àwọn èrò gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ya àwòrán eegun rẹ̀, dókítà sì wí pé eegun ojúgun ti dá sí méjì, pé wọn yóò la ibẹ̀, wọn yóò fi irin sí i. Wọ́n dárúkọ owó. Kí ó tó di alẹ́, ẹbí ti pé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e o. Bàbá kan wà tí mo mọ̀, eegun ni bàbá tó bí i lọ́mọ ń tò, eegun ni bàbá bàbá rẹ̀ ń tò.” Ìyàwó aláìsàn ní kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀? Wọ́n buwọ́ lu ìwé pé àwọn ni àwọn fi ọwọ́ ara àwọn mú un jáde, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ alákọ̀wé ni í pe irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ní òpè. Ìdájọ́ kánjúkánjú ni. Àwọn dókítà Dada, Yinusa àti Giwa, tí wọ́n yẹ iṣẹ́ atòeegun wò ní ilẹ̀ Nàìjíríà nínú ìwé African Health Sciences ti ọdún 2011, kò sọ pé àìmọ̀wé nìkan ló ń gbé ènìyàn débẹ̀. Owó ọsibítù wọ́n, ilé atòeegun sún mọ́ni, wọn kì í dá ènìyàn dúró pẹ́ kí wọ́n tó dá a lóhùn, ìgbàgbọ́ àwọn baba wa sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó rò pé ayé ló ṣe òun kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ irin; yóò fẹ́ kí ẹnì kan wo ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó gbá òun. Èyí tí ó sì lágbára jù ni ẹ̀rù. Nínú ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọsibítù eegun àti ayùn kò yàtọ̀ síra.

Iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ eegun títò. Ọmọ a máa jókòó ti baba láti kékeré, ọwọ́ ni í fi í mọ ohun tí ojú kò rí: ibi tí eegun gbé yà, ibi tí ó gbé gun ara wọn. Wọn yóò fi òrí pa ibẹ̀, wọn yóò fà á, wọn yóò tò ó, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá to pákó wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ọparun tí a là yí i ká, tí wọn yóò sì fi ọ̀já dì í. Àwọn mìíràn a sín gbẹ́rẹ́. Ọfọ̀ kì í sì í jìnnà sí i.

Ṣùgbọ́n ti adìyẹ ni ó gbajúmọ̀ jù. Ní ilé atòeegun púpọ̀, bí wọ́n bá ti di ẹsẹ̀ aláìsàn tán, wọn yóò mú adìyẹ kan, wọn yóò dá a lẹ́sẹ̀, wọn yóò sì di tirẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti di ti ènìyàn. Ọjọ́ tí adìyẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ tí ó sì ń rìn, ọjọ́ náà ni a ó tú ti aláìsàn. (Kò sí ẹni tí ó bi adìyẹ léèrè.) Àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ a máa fi èyí rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni èrò tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi wo inú ara wá nǹkan tí ojú lè rí, ó sì fi ń ṣọ́ èyí tí ojú kò rí. Ibi tí ó ti kùnà ni pé aago adìyẹ yára ju ti ènìyàn lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ni eegun ẹyẹ fi í so. Ti ọmọdé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, ìdí nìyí tí òkìkí atòeegun fi ń kàn lórí ọmọdé. Ojúgun àgbàlagbà a máa gba oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá tú u ní ọjọ́ tí adìyẹ rìn, eegun tí kò tíì le yóò tẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì wọ́.

Ó yẹ kí a fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn níbi tí wọ́n ti gbọ́n. Pákó tí wọ́n ń tò kì í sábà bo orí eékún àti ọrùn ẹsẹ̀ pa pọ̀, nítorí náà oríkèé ń ṣiṣẹ́ nígbà tí eegun ń so. Ní ilẹ̀ òyìnbó, fún ìgbà pípẹ́, ìlànà wọn ni láti fi P.O.P. bo ẹsẹ̀ láti itan títí dé ọmọ ìka. Ọdún 1967 ni Augusto Sarmiento, dókítà eegun ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa P.O.P. tí kò kọjá orúnkún, tí aláìsàn lè fi rìn tí ojúgun rẹ̀ yóò sì so. Ohun tí Sarmiento ń fi ẹ̀rí gbé kalẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó ti ń to pákó ní abúlé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kì bá tí yà á lẹ́nu.

Ewu ńlá wà nínú ọ̀já. Ẹsẹ̀ tí ó kán a máa wú, pàápàá ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Bí a bá dì í pinpin ní ọjọ́ tí ó kán, ara ń wú, ọ̀já kò gbà á láyè, ẹ̀jẹ̀ kò sì lè kọjá. Bí iṣan ara bá tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà láìrí ẹ̀jẹ̀, ó ń kú lọ nìyẹn. Aláìsàn yóò máa ké pé ìrora náà ju ti ọjọ́ tí ọkọ̀ gbá òun lọ, wọn yóò sì ní kí ó fara dà á, pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìrora náà bá wá dákẹ́, inú ilé a dùn. Ẹsẹ̀ ti kú ni. Ọmọ ìka yóò dúdú, yóò tutù, òórùn yóò bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1999, Onuminya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tó kú báyìí nínú ìwé International Orthopaedics. Orúkọ tí wọ́n fún àìsàn náà kò fi ẹnu pa mọ́ pé ilé atòeegun ló ti wá. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń padà dé ọsibítù, tí kò sì sí ohun tí ó kù ju kí wọ́n gé e. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ṣe ń yí po: ẹbí sá nítorí kí wọ́n má baà gé ẹsẹ̀, sísá náà ló sì fa gígé rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò tó wá kí i yóò sì wí pé, “Ṣé ẹ rí i? A ti sọ pé gígé ni wọ́n mọ̀.”

Bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò rẹ̀ kò ju ohun tí ìyá àgbà lè ṣe lọ. Kí a fi ìka tẹ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà títí yóò fi funfun, kí a sì fi í sílẹ̀. Bí àwọ̀ pupa kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta, tí ìka tutù, tí kò mọ ìfọwọ́kàn, tàbí tí aláìsàn ké tòò nígbà tí a tẹ ìka náà sókè, kí a tú ọ̀já náà lójú ẹsẹ̀, kí a sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Bí èékánná sì pupa tí ìrora ń le sí i ṣáá, ọsibítù náà ni.

Oríkèé ni ibi kejì tí ọwọ́ àṣà kò tó. Igbọ̀nwọ́ tí ó yẹ̀, bí a bá ń fi òrí àti omi gbígbóná wọ́ ọ lójoojúmọ́, a máa hu eegun mìíràn sínú ẹran ara. Yóò le gan-an, ọwọ́ kò sì ní dé ẹnu mọ́. Ìbàdí tí ó yẹ̀, tí a kò dá padà láàárín wákàtí díẹ̀, lè pàdánù ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ orí eegun itan. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù: láìṣubú, láìkán, orí eegun itan wọn a máa kú, wọn yóò sì máa tiro. Kò sí eegun tí a ó tò níbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí John Charnley gbé kalẹ̀ ní Wrightington, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1962, ni ti irú wọn: a gé orí eegun tí ó ti bàjẹ́ kúrò, a sì fi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n owó oríkèé náà kò kéré.

Igbóbì, lẹ́bàá títì Ìkòròdú, ni orúkọ rẹ̀ ń jáde bí a bá ti dárúkọ eegun ní Èkó. Àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni a tìtorí wọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì di ọsibítù ní ọdún 1945. Ní ọdún 1956, ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth bẹ Nàìjíríà wò, ni wọ́n fi orúkọ ọba sára rẹ̀. Kì í ṣe ayùn nìkan ló wà níbẹ̀. Irin inú mùdùnmúdùn tí Gerhard Küntscher kọ́kọ́ lò ní Kiel, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1939, ti di ohun tí a ń lò káàkiri ayé. Irú rẹ̀ tí àjọ SIGN ń ṣe, èyí tí dókítà Lewis Zirkle dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, kò tilẹ̀ nílò ẹ̀rọ olówó iyebíye tí ń fi inú eegun hàn nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ikem, Ogunlusi àti Ine kọ̀wé nípa ọgbọ́n yìí láti Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 2007.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìfẹ́ ẹbí tún lè di ìdíwọ́. Dókítà fẹ́ kí aláìsàn dìde, kí ó fi ọ̀pá abẹ́ abíyá rìn, kí ó máa ká eékún rẹ̀ kò, kí ó máa nà án. Ẹbí ní, “Ẹ jẹ́ kó sinmi.” Wọn yóò gbé oúnjẹ bá a lórí ibùsùn, wọn yóò gbé omi ìwẹ̀ bá a, eékún yóò sì gan.

Onuminya tí ó kọ̀wé nípa ẹsẹ̀ tó kú kò dúró lórí ẹ̀sùn. Òun náà ni ó kọ̀wé ní ọdún 2006, nínú ìwé àwọn oníṣègùn ti South Africa, nípa atòeegun kan tí wọ́n kọ́ ní ìlànà ìtọ́jú ojúgun tó dá. Ẹsẹ̀ tí ó kú àti ọgbẹ́ tí ó ní ọyún dín kù gidigidi lọ́wọ́ rẹ̀ sí ti ẹni tí a kò kọ́. Ọ̀já kan náà ni, pákó kan náà ni. Ọwọ́ tó ń dì í ló ti mọ ìgbà tí yóò tú u, àti irú ẹsẹ̀ tí yóò wí pé kí wọ́n máa gbé lọ sí ọsibítù.

Àwọn kan nínú àwọn atòeegun ti ń béèrè àwòrán eegun lọ́wọ́ aláìsàn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bàbá yóò gba fọ́tò dúdú náà, yóò rìn dé ẹnu ọ̀nà, yóò gbé e sókè sí oòrùn, yóò sì fi ìka tọ ibi tí ojúgun gbé dá, níwájú ẹbí tó sá kúrò ní ọsibítù, àti ìyàwó tó ti ń sọ láti àná pé kí wọ́n ní sùúrù.