Òjé Inú Eruku Ojúde

Púpọ̀ nínú tìróò tí àwọn ìyá wa ń lé sójú ọmọ, òkúta òjé ni wọ́n lọ̀ kúnná. Ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn olórìṣà funfun náà, òjé ni. Yorùbá ti mọ òjé tipẹ́tipẹ́. Bí ó ṣe ń pa ọmọdé ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ló sì fi hàn wá ní 2010.

Oṣù Kẹta ọdún náà ni ìròyìn kan àwọn dókítà Médecins Sans Frontières pé àwọn ọmọdé ń kú léraléra ní àwọn abúlé kan ní Anka àti Bukkuyum. Gìrì ló ń mú wọn, ibà sì ni àwọn òbí pè é. Ṣùgbọ́n gìrì yìí kò gbọ́ oògùn ibà. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò, òjé ló kún un.

Ọ̀nà wo ni òjé gbà dé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún méjì? Owó wúrà ń gòkè lọ́jà àgbáyé, àwọn àgbẹ̀ tí oko kò pa owó tó fún sì bọ́ sí ìwakùsà. Àwọn ọkùnrin a wa òkúta nínú kòtò, wọn a kó o wálé. Púpọ̀ nínú àwọn aya wọn jẹ́ ẹlẹ́hàá tí kì í jáde lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà iṣẹ́ ló wá bá wọn nílé. Wọn a fọ́ òkúta sí wẹ́wẹ́ lójúde, wọn a gún un lódó tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọkà, wọn a sì fi omi ṣàn án títí wúrà bíńtín yóò fi yọ. Inú òkúta kan náà ni wúrà àti òjé wà. Wúrà ni wọ́n ń wò. Òjé bá eruku fò, ó bà lé ẹní, ó bà lé oúnjẹ, ó bà lé ilẹ̀ tí ọmọ ń rákò lórí rẹ̀, ọmọ sì ki ọwọ́ bọ ẹnu. Ara ọmọdé tó ń wá kálísíọ́mù fún egungun kò mọ òjé yàtọ̀ sí i. Ó gbà á wọlé, ọpọlọ ló sì kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀.

Ní Dareta àti Yargalma, méjì nínú àwọn abúlé náà, àwọn olùwádìí ka ọmọ 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní agboolé 119. Láàárín ọdún kan, 118 nínú wọn ti kú. Nínú ọmọ 204 tí wọ́n yẹ̀ wò, kò sí ẹyọ kan tí òjé kò sí lára rẹ̀. Lápapọ̀, ó lé ní 400 ọmọ tó kú ní àwọn abúlé náà. Àwọn kan ń bú àwọn òbí yẹn pé ojúkòkòrò ni. Èmi kò gbà. Ẹni tó ń wá oúnjẹ alẹ́ fún ọmọ rẹ̀ kì í ṣe olójúkòkòrò.

Oògùn tó ń fa òjé jáde lára wà, àmọ́ kí ni yóò ṣe fún ọmọ tó ń padà sùn lórí ilẹ̀ olóró? Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ha ilẹ̀ ilé kúrò, kí wọ́n sin ín sí kòtò jíjìn, kí wọ́n da erùpẹ̀ mímọ́ rọ́pò. Bagega, ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà, dúró de owó iṣẹ́ yìí títí di 2013, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń mí eruku náà ní gbogbo àsìkò yẹn.

Lẹ́yìn náà ni ìbọn dé. Ní oṣù Kẹrin 2019, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìwakùsà ní Zamfara nítorí àwọn agbébọn. Oṣù Kejìlá 2024 ni Mínísítà Dele Alake kéde pé òfin náà ti kúrò. Ebi kò dúró de ìkéde kankan, àwọn ènìyàn ṣì ń wa wúrà. Ọ̀nà tí ìyá máa pọn ọmọ gbà lọ gba oògùn ni ọ̀nà tí wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé.

Omi lásán ló lè dín eruku òjé yìí kù. Ní Shikira, ní ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí ọmọ 28 ti kú ní 2015, wọ́n kọ́ àwọn awakùsà láti máa bu omi sí òkúta bí ẹ̀rọ bá ń lọ̀ ọ́, kí eruku má baà fò, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ jìnnà sílé. Ẹni tó máa kọ́ àwọn ará Anka bẹ́ẹ̀ lónìí, ọ̀nà tí wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé yẹn náà ni yóò gbà kọjá.