Ọkọ̀ Tí Kò Wọ́n Tí A Lè Fà Tẹ̀lé Ọkọ̀-Ilé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà. Lára àwọn tó ń fẹ̀yìn tì lọ́hùn-ún, àwọn kan ń ra motorhome, ìyẹn mọ́tò ńlá tó ní yàrá, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú. Ọkọ̀-ilé ni màá máa pè é. Òmíràn gùn ju mítà 10 lọ. Bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀ sí ibùdó, tí wọ́n ti so omi àti iná mọ́ ọn, ta ni yóò tún tú gbogbo rẹ̀ torí pé ó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ kékeré tẹ̀lé e.

Ibi yíyan ọkọ̀ kékeré yìí ni owó ìfẹ̀yìntì ti ń ṣòfò. Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Arizona ní 2016, mo bá bàbá kan pàdé tó ra ọkọ̀ ọtọmátíìkì ní owó pọ́ọ́kú. Gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ti jó kí ó tó dé ibùdó. Owó àtúnṣe ju owó tó fi rà á lọ.

Ohun tó fà á rèé. Nínú ọ̀pọ̀ jùlọ gíábọ́ọ̀sì ọtọmátíìkì, pọ́ọ̀ǹpù kan wà tó ń gbé ọ́ìlì kiri, ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí i. Bí a bá ń fa ọkọ̀ náà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti kú, ṣùgbọ́n táyà ń yí irin inú gíábọ́ọ̀sì láìsí ọ́ìlì tó ń dé ibẹ̀. Irin ń ha irin, ó ń gbóná, ó ń jó. Àwọn kan rò pé niútírà ti tó. Niútírà kò lè yí pọ́ọ̀ǹpù.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ ṣí ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́, kí ẹ ka ibi tó sọ̀rọ̀ nípa fífà á. Jeep Wrangler ṣe é fà, torí ó ní ibì kan tí a ti lè já táyà kúrò lára gíábọ́ọ̀sì pátápátá. Ṣùgbọ́n tọ́kùnbọ̀ rẹ̀ pàápàá máa ń wọ́n. Honda CR-V tí wọ́n ṣe títí dé 2014 ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Honda fàyè gbà á, bí ẹ bá tẹ̀lé ìlànà gíà inú ìwé náà, tí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó gbéra. Láti ti 2015, wọ́n yí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ padà, wọn kò sì fàyè gbà á mọ́. Ọdún kan ṣoṣo ló pààlà! Camry ọtọmátíìkì kò ṣe é fà bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígíà ọlọ́wọ́ ṣe é fà, àmọ́ wọ́n ti ṣọ̀wọ́n ní Amẹ́ríkà.

Ẹ má gbàgbé irin ìfàkọ̀, iná ẹ̀yìn, àti bíréèkì àfikún tí òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń béèrè. Gbogbo rẹ̀ lè tó ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan. Ẹ sì wo ìwọ̀n tí ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀-ilé lè fà. Ẹni tó bá ti ní Camry tẹ́lẹ̀ lè ra kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì tí wọ́n ń gbé táyà iwájú lé, bó bá jẹ́ táyà iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí.

Camry yìí náà ló kún títì wa níbí. Bí tiyín bá kú lọ́nà Lokoja, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn fà á dé Àbújá. Ẹ san owó ọkọ̀ tí yóò gbé táyà iwájú rẹ̀ sókè, tàbí tí yóò gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn.