Ẹ̀yin oníṣòwò, ta ló ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kò sí ẹni tó ń ṣe POS tàbí tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Àgọ́-Àmọ̀dù tí kì í ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n owó oníbàárà kì í ṣe inú àpótí nìkan mọ́, ó ń gba inú fóònù àti kọ̀ǹpútà kọjá. Ta ló wá ń ṣọ́ ibẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Kò sí ètò kan nínú kọ̀ǹpútà tó lè dá fáìlì ṣí tàbí kó dá fi nǹkan ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ operating system, tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn, bí ọmọọṣẹ́ ṣe ń gba kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní system call nìyẹn. Èyí tó wà nínú Linux lé ní 300. Oríṣi irinṣẹ́ méjì ló ń mójú tó o: ọ̀kan dà bí akọ̀wé, èkejì dà bí aṣọ́nà.

Akọ̀wé inú Linux ni strace, tó ti wà láti bí ọdún 1991. Gbogbo ohun tí ètò kan bá béèrè ló ń kọ sílẹ̀. Bí ètò tí ẹ fi ń ṣe ìṣirò ọjà bá kọ̀ láti ṣí, strace lè fi fáìlì tó ń wá tí kò rí hàn. Lórí Windows, Process Monitor ti Microsoft ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Àléébù strace ni pé ó ń mú kí ètò falẹ̀ gan-an, kò sì ní dá olè dúró. Kì í ṣe ohun tí à ń tàn sílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà.

Aṣọ́nà ni seccomp, tó wọ inú Linux lọ́dún 2005. Nígbà náà, ìbéèrè mẹ́rin péré ló ń gbà láyè. Lọ́dún 2012 ni wọ́n tún un ṣe, tí ẹni tó kọ ètò fi lè yan èyí tí wọn yóò gbà. Pledge ti OpenBSD, tó jáde lọ́dún 2016, rọrùn jù ú lọ: ètò yóò ṣèlérí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, bó bá yẹ àdéhùn, wọ́n á pa á lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ aṣọ́nà tó bá le jù lè dá oníbàárà gidi padà. Ìdí nìyí táwọn onímọ̀ fi ń kọ́kọ́ lo akọ̀wé kí wọ́n tó gbé aṣọ́nà sẹ́nu ọ̀nà.

Linux ló wà nídìí Android. Láti Android 8, tó jáde lọ́dún 2017, ni seccomp ti ń ṣọ́ gbogbo áàpù. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ fún iṣẹ́ owó, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà Android rẹ̀ nínú Settings.

Síbẹ̀, aṣọ́nà yìí kì í yẹ àṣẹ tí ẹ fọwọ́ ara yín fún áàpù wò. Bí áàpù bá ní òun fẹ́ wo nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín, tí ẹ sì gbà, ó parí. Ọ̀nà yìí ni àwọn áàpù ayánilówó kan gbà dójú ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí àjọ FCCPC tó ṣòfin fún wọn lọ́dún 2022, tí Google náà sì ká wọn lọ́wọ́ kò lọ́dún 2023.

Nítorí náà, bí ètò bá ń ṣe ségesège, ẹ ní kí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà yín ṣe lo akọ̀wé. Bó bá jẹ́ ààbò owó lẹ ń wá, aṣọ́nà ni kí ẹ béèrè. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ "Allow", ẹ kà á dáadáa.