Gíríìnì Gọ́ọ̀fù Lẹ́yìnkùlé: Omi Ni Ọ̀gá Iṣẹ́ Náà

Bí ẹni tí Ọlọ́run ṣe fún bá kọ́lé sí Ọ̀yọ́ ọmọ Àtìbà, tàbí sí Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, tí ilẹ̀ díẹ̀ sì ṣẹ́kù fún un lẹ́yìnkùlé tó fi ní òun fẹ́ ṣe gíríìnì, èyíinì ni ojú ilẹ̀ tí a gé koóko rẹ̀ kúnná, níbi tí a ti ń fi ọ̀pá rọra ti bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù sínú ihò, irú koóko tí yóò gbìn ni yóò kọ́kọ́ máa béèrè. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n omi ló ṣáájú rẹ̀: bí a ó ṣe lé e lọ nígbà tó bá pọ̀, àti bí a ó ṣe rí i nígbà tó bá wọ́n.

Inú ọ̀dàn ni ìlú méjèèjì wà. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò máa ń rọ̀, àfi ìgbà díẹ̀ tó máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò dé, tí ètè yóò là, tí ilẹ̀ yóò sì gbẹ táútáú. Koóko tí a gé títí tó fi ku mílímítà 4 tàbí 5 kì í ta gbòǹgbò jìnnà: bí omi bá dágún sí ìdí rẹ̀, a jẹrà, bí ọ̀dá bá sì dá a, a kú.

Ìdí nìyí tí USGA, ẹgbẹ́ tí ń darí gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, fi gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 1960: a ó gbẹ́ ilẹ̀, a ó tẹ́ páìpù oníhò sí ìsàlẹ̀, a ó da òkúta wẹ́wẹ́ lé e ní sẹ̀ǹtímítà 10, a ó sì fi yanrìn bò ó ní sẹ̀ǹtímítà 30. Gíríìnì tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 6, yóò gbé yanrìn típà mẹ́ta mì, bí típà kọ̀ọ̀kan bá ru tọ́ọ̀nù 10. Owó rẹ̀ a máa dunni, ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o; ẹni tó gbin koóko sórí amọ̀ lásán, ẹrẹ̀ ni yóò kó ní oṣù keje.

Koóko tí oòrùn wa yẹ ni bàmúdà. Ní ọdún 1956, wọ́n gbé irú rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Tifgreen jáde ní Tifton, ìpínlẹ̀ Georgia, lẹ́yìn tí Glenn Burton, onímọ̀ nípa koóko, ti mú bàmúdà lásán, èyí tí í rá lẹ́bàá ọ̀nà tiwa, bá ìbátan rẹ̀ kan láti South Africa lò pọ̀. Ọmọ Áfíríkà tó lọ sókè òkun ni. Kò ní irúgbìn. Ẹ̀ka rẹ̀ ni a ń gbìn, bí a ti ń gbin ọ̀dùnkún. Kò sì fẹ́ ibòji, nítorí náà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí igi máńgòrò bo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ yóò yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ní àkókò òjò, ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ ń yí ni a fi ń gé e, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. A ó máa fi irin gún ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, a ó sì máa fọ́n yanrìn kíkúnná lé e kí ojú rẹ̀ lè tẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí koóko bá ń mu mílímítà 5 lójúmọ́, gíríìnì tí a wí yìí yóò gba lítà 300, èyíinì ni kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìlá, lójoojúmọ́.

Àwọn tó gbá gọ́ọ̀fù ṣáájú wa nílẹ̀ yìí mọ ìṣòro náà, wọ́n sì ṣe bráùn sí ọ̀pọ̀ pápá: yanrìn tí a fi epo ọkọ̀ pò kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, tí a sì ń fà kí ojú rẹ̀ dán kí ẹni tó kàn tó gbá tirẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní Pinehurst, pápá olókìkí ní North Carolina, yanrìn ni wọ́n lò títí di ọdún 1935. Ṣùgbọ́n ilé yàtọ̀ sí pápá. Epo ọkọ̀ tí a ti lò ní òjé àti májèlé mìíràn nínú, òjò yóò sì wẹ̀ ẹ́ lọ síbi tí kànga ti ń rí omi rẹ̀.

Nítorí náà, kí onílé wo kànga rẹ̀ ní oṣù kejì, kí ó sì wo ibi tí páìpù yóò da omi sí ní oṣù kẹsàn-án, kí ó tó pe onítípà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: gíríìnì oní-mítà 4 sí 4, tí kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta àti díẹ̀ lójúmọ́ tó, sàn ju èyí tó fẹ̀ lọ tí ọyẹ́ yóò sọ di koríko gbígbẹ.