Kí Ẹ Tó San Owó Agẹ́ǹtì: Ẹ̀kọ́ Láti Nepal

Àwọn ọ̀dọ́ wa náà ti ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá, òbí sì ń ta ilẹ̀ kí ọmọ lè lọ. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé yìí. Nepal la mú ṣe àpẹẹrẹ: ó ti pẹ́ tí ìlú tó wà lẹ́bàá òkè Himalaya yìí ti ń rán ọmọ rẹ̀ lọ síṣẹ́ ní Qatar, Saudi Arébíà àti Malaysia, ojú wọn sì ti rí púpọ̀.

Gbèsè ni ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ọmọ Nepal a yáwó èlé nílé, a kó o fún agẹ́ǹtì. Bó bá débẹ̀ tí owó oṣù kò tó èyí tí wọ́n ṣèlérí, kò lè padà, nítorí èlé ń gorí èlé lẹ́yìn rẹ̀. Láti 2015 ni ìjọba Nepal ti sọ pé agbanisíṣẹ́ ni kó san owó físà àti owó bàálù ẹni tó ń lọ sí Malaysia àti ilẹ̀ Lárúbáwá. Agẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ gbà ju 10,000 rupee lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ń san ìlọ́po rẹ̀, agẹ́ǹtì á sì já rìsíìtì 10,000 péré fún wọn. Bí rìsíìtì kò bá bá owó tí ẹ kà sílẹ̀ mu, ẹ má gbà á.

Ẹlòmíràn kì í bá agẹ́ǹtì lọ rárá. Láti 2004 ni Gúúsù Kòríà ti ń gba òṣìṣẹ́ nípa àdéhùn ìjọba sí ìjọba. Nepal wọ̀ ọ́ ní 2007. Ẹni ọdún 18 sí 39 ni wọ́n ń mú, ó sì gbọ́dọ̀ yege ìdánwò èdè Kòríà. Ìwé ni wọ́n jókòó tì, kì í ṣe agẹ́ǹtì. Owó oṣù ibẹ̀ ga ju ti ilẹ̀ Lárúbáwá lọ fíìfíì.

Iṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́? Lébìrà tó ń ru kọnkéré kò rí owó tí wẹ́dà, oníná tàbí púlọ́ńbà ń gbà. CTEVT, àjọ tí Nepal dá sílẹ̀ ní 1989, ń kọ́ni ní irú iṣẹ́ wọ̀nyí. Ohun tó wù wá jù nínú ètò wọn ni pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí kò dé ilé ẹ̀kọ́, lè ṣe ìdánwò kó sì gbàwé ẹ̀rí. Ọmọ iṣẹ́ wa tó ti gba fúrídọ́ọ̀mù mọ ìtumọ̀ èyí.

Oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá ń pani. Ní Qatar, láti June 1 dé September 15, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ ní gbangba láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. Àwọn ọ̀dọ́ Nepal kan padà sílé tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má dúró de òùngbẹ kí ẹ tó mumi. Bí ìtọ̀ yín bá pọ́n bíi tíì, ẹ kúrò lóòrùn, ẹ mumi, ẹ wá dókítà.

Ìwé ìrìnnà yín, ọwọ́ yín ni kó wà. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò lè kà, àní bí wọ́n bá gbé e wá ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà yín àti ti ìwé àdéhùn, kí ẹ fi ẹ̀dà sọ́wọ́ ẹnìkan nílé kí ẹ tó gbéra.