Ìlérí Tí Kò Ṣẹ: Bí Ìyanṣẹ́lódì Àwọn Òṣìṣẹ́ Rélùwéè Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní 1945

Òru ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1945 mọ́jú ọjọ́ kejì ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Nàìjíríà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ ojú irin, àwọn tó ń da èédú síná ẹ́ńjìnnì, àwọn alágbẹ̀dẹ àti kápẹ́ńtà ọgbà Lókò ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tà jókòó sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn ti PWD tó ń ṣe títì àti ilé ìjọba, àti àwọn mìíràn tó ń jẹun lábẹ́ ìjọba dara pọ̀ mọ́ wọn. Gbogbo wọn lé ní 30,000. Ọjọ́ 44 kọjá kí wọ́n tó fẹnu kò pẹ̀lú ìjọba.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń rú bọ̀ tipẹ́. Ní 1931, nígbà tí ọ̀dá owó mú gbogbo ayé, rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í fi wákàtí ṣírò owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀: iye wákàtí tí èèyàn bá ṣe ni yóò gbowó lé lórí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dínkù, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ dínkù nìyẹn. Ìyà yìí ló mú kí wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè sílẹ̀. Michael Imoudu, ọmọ Òrà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní, tó wọ iṣẹ́ rélùwéè ní 1929, ni wọ́n fi ṣe olórí nígbà tó yá.

Ogun Hítílà wá sọ ìṣòro di ńlá. Ọkọ̀ òkun kò kó ọjà wá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, iyọ̀ àti aṣọ wọ́n, gààrí di ohun àwárí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941, Imoudu kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tà, wọ́n fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá Carter lọ sí ilé gómìnà ní Màrínà. Gómìnà Bernard Bourdillon jáde sí wọn, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ ní owó àjẹmọ́nú nítorí ọ̀wọ́n ọjà, wọ́n sì ṣèlérí pé bí ọjà bá tún gbówó lórí, àwọn yóò yẹ owó náà wò. Ìlérí yìí ni gbòǹgbò ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1945.

Ọjà tún gbówó lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọba kò yẹ nǹkan kan wò. Wọ́n lé Imoudu kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1943, wọ́n tì í mọ́lé ní Benin, lẹ́yìn náà wọ́n ní Auchi ni kó máa gbé. L'Ékòó, ọ̀gágun òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen fi òfin dá iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ta oúnjẹ. Iye náà kéré débi pé gààrí wábi gbà, ẹni tó bá sì rí i rà, owó gegere ló ń rà á lábẹ́lẹ̀. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, dojú ìjà kọ ètò yìí. Ọlọ́jà kò rí èrè, òṣìṣẹ́ kò rí oúnjẹ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ ránṣẹ́ sí ìjọba Gómìnà Sir Arthur Richards: kí owó lébìrà má ṣe dín sí ṣílè méjì àti sísì lójúmọ́, kí wọ́n sì fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó àjẹmọ́nú. Nínú oṣù Karùn-ún, ìjọba ní kò ṣeé ṣe, pé bí owó bá pọ̀ nígboro nígbà tí ọjà kò sí, ńṣe ni ọ̀wọ́n yóò pọ̀ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ kò gba èyí wọlé, torí ojú wọn ni ìjọba kan náà ṣe ń bu owó kún ti àwọn òyìnbó abẹ́ rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọ́n fún ìjọba di ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn ni wọ́n dá Imoudu sílẹ̀, èrò rẹpẹtẹ sì jáde pàdé rẹ̀ l'Ékòó. Nígbà tí àwọn aṣíwájú kan fẹ́ sún ìyanṣẹ́lódì síwájú, àwọn òṣìṣẹ́ ní rárá.

Ìjọba ní ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe lòdì sí òfin ìgbà ogun, pé àwọn kò ní bá ẹnikẹ́ni jíròrò àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò ṣe iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, wọ́n ti ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet pa, ti Nnamdi Azikiwe ni méjèèjì, nítorí pé wọ́n ń gbè sẹ́yìn òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, rélùwéè kò yẹ̀. Àwọn obìnrin ọlọ́jà ràn wọ́n lọ́wọ́, aráàlú sì dáwó fún wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ìjọba gbà pé àwọn kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, àti pé ìgbìmọ̀ olómìnira kan yóò gbọ́ ẹjọ́ náà. Tudor Davies ló ti Ìlú Ọba wá ṣáájú ìgbìmọ̀ ọ̀hún. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1946: kí wọ́n fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó àjẹmọ́nú, kí wọ́n sì san án padà sẹ́yìn láti oṣù Kẹjọ ọdún 1945. Hubert Ògúndé, òṣèré tíátà, fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré Strike and Hunger. Nígbà tó gbé e dé Jos, ìjọba fòfin dè é.

Ohun tí ìjọba sọ pé kò ṣeé ṣe ni ìgbìmọ̀ tí ìjọba fúnra rẹ̀ yàn sọ pé ó tọ́. Bí wọ́n bá ti mú ìlérí 1942 ṣẹ ni, ọkọ̀ ojú irin ì bá máa rìn, ebi ọjọ́ 44 ì bá má pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Òfin tí a ṣe ní 2024 sọ owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦70,000, ó sì ní kí a máa tún un yẹ̀ wò lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta. Ìlérí nìyẹn náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò àṣẹ, ẹ má dúró títí òṣìṣẹ́ yóò fi gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó rántí rẹ̀.