Iyọ̀ Inú Ọbẹ̀ àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ohun iyì ni iyọ̀ láàárín àwọn Yorùbá. Níbi ìsọmọlórúkọ, a máa ń fi í tọ́ ọmọ lẹ́nu wò kí ayé rẹ̀ lè dùn. Ara pàápàá kò lè ṣe láìní iyọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń fẹ́.

Ibi tí iyọ̀ bá gbé wà ni omi í tọ̀ ọ́ lọ. Kídìnrín ni ó ń sẹ́ èyí tí ó bá ṣẹ́ kù sínú ìtọ̀. Bí iyọ̀ bá ń wọlé lójoojúmọ́ ju agbára kídìnrín lọ, ẹ̀jẹ̀ a kún inú iṣan, ọkàn a sì máa fi ipá tì í. Ipá yìí ni à ń wọ̀n. Bí ó bá dé 140 lórí 90 léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé nìyẹn. Ẹni tí ó ní i lè máà mọ nǹkan kan lára títí àrùn rọpárọsẹ̀ yóò fi dá a wólẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé ogún ìran ènìyàn dúdú ni àrùn yìí. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1997 kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn yẹ àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wò, láti Igbó-Ọrà títí dé Jàmáíkà, Barbados, àti Maywood lẹ́bàá Chicago. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 16 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní erékùṣù Káríbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni, ìkòkò ọbẹ̀ ni ó yàtọ̀. Wọ́n rí i pé ara sísan àti iyọ̀ inú oúnjẹ ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà.

Ìkòkò ti ilé náà sì ń yí padà. Ìyàwó ilé tí ó ṣọ́ iyọ̀ bù, tí ó wá jan Máàgì mẹ́ta mọ́ ọbẹ̀, iyọ̀ ni ó tún bù, nítorí iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú Máàgì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, èyí tí kò kún ṣíbí ìmutíì kan. Ti inú búrẹ́dì àti ẹja oníyọ̀ sì wà nínú ìṣirò náà.

Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní èròjà potassium, tí ó ń ran kídìnrín lọ́wọ́ láti lé iyọ̀ jáde. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ìwádìí ọdún 2021 fi hàn pé rọpárọsẹ̀ dín kù láàárín àwọn ará abúlé tí a fún ní iyọ̀ tí a fi èròjà yìí rọ́pò ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ dókítà: potassium tí kò bá rí ọ̀nà jáde a máa da lílù ọkàn rú.